Nígbà tí wọ́n gbé ìtàn ilé wa sórí tẹlifíṣọ̀n

Àwọn ìdílé tí ilé wọn ti pẹ́ nílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Láyé ìsinsìnyí, àwọn tó ń ṣe eré tẹlifíṣọ̀n ti padà sídìí ìtàn àtijọ́. Ọba, ìjòyè, olówó ayé ọjọ́un, obìnrin tó lágbára lọ́jà, ogun àti oyè, ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ wò nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe eré sì ń wọ ìlú kiri, wọ́n ń wá ilé tí yóò bá a mu àti àgbà tí yóò pìtàn fún wọn. Bí wọn kò bá tíì kan ilẹ̀kùn yín, wọ́n lè kàn án lọ́la. Wọ́n kan tiwa ní Ìjẹ̀bú-Òde, a sì ṣí i tayọ̀tayọ̀. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú agboolé wa ká. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí irú rẹ̀ má baà ká ẹlòmíràn mọ́lé.

N kò ní dárúkọ eré náà, n kò sì ní dárúkọ àwọn tó ṣe é, torí ọ̀rọ̀ àwa àti wọn kò tíì parí. Ìdílé alágbára kan ní Ìjẹ̀bú ni eré náà dá lé, láti ọdún díẹ̀ ṣáájú ogun Ìmàgbọn ti 1892, tí Ìjẹ̀bú bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà, títí dé ẹ̀yìn ogun náà. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú ìgbà náà yóò mọ ìdí tí ó fi wu èèyàn láti fi ṣe eré. Àárín Èkó àti òkè ni Ìjẹ̀bú wà. Iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù tó bá ti Èkó wá, ọjà Ẹ̀jìnrìn létí ọ̀sà ni wọ́n ti ń kó o. Epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ láti òkè gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ Ìjẹ̀bú kọjá kí ó tó dé Èkó. Àjèjì kì í gba àárín ìlú kọjá bó ṣe wù ú, oníbodè sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹlẹ́rù. Nígbà tí ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ gbóná lókè, láti 1877, ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ẹ̀jìnrìn dáadáa, tó sì lẹ́nu nínú Òṣùgbó, ẹgbẹ́ àwọn àgbà tó ń darí ìlú, olówó gidi ni. Ọ̀kan nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni bàbá ńlá wa.

Bàbá olórí ẹbí wa gba àwọn tó ń ṣe eré náà, tí wọ́n ti Èkó wá, tọwọ́ tẹsẹ̀. Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, eré sì ti wà lẹ́mìí wọn láti kékeré. Òṣóṣà kò jìnnà sí wa, ọmọ ibẹ̀ ni Hubert Ògúndé, gbajúgbajà òṣèré, Bàbá sì máa ń sọ bí àwọn ṣe ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ àwọn òṣèré rẹ̀ nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ yìí wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, tí wọ́n ní ìtàn bàbá àgbà wọn ni àwọn fẹ́ gbọ́, inú Bàbá dùn dé gongo. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi wọ́n. Àwa ọmọ wọn gan-an, bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn, fóònù la ó máa tẹ̀.

Wọ́n tọrọ ilé láti fi ya eré. Wọ́n tọrọ aṣọ àti àwọn ohun èlò àtijọ́. Wọ́n sì tọrọ pé kí Bàbá jókòó pìtàn fún àwọn, kí àwọn gba ohùn wọn sílẹ̀. Ilé wa ṣì ní àgbàlá láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, òpó rẹ̀ nípọn. Lókè ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi sìmẹ́ńtì kọ orúkọ ìdílé wa gàdàgbà síbẹ̀, àti ọdún tí wọ́n tún ilé náà kọ́. Ẹ fi àkọlé yẹn sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ní ti aṣọ, Mọ́mì Ìlíṣàn ló gbé ìtagbè bàbá wọn sílẹ̀, aṣọ oyè Òṣùgbó tí bàbá náà máa ń gbé lé èjìká lọ sí ilédì, ilé ìpàdé wọn. Mọ́mì Ìlíṣàn ni à ń pè wọ́n torí Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ni wọ́n lọ́kọ sí, àwọn sì ni àgbà jùlọ nínú ìdí-igi tiwa, ìyẹn ẹ̀ka àwọn tó ti ara ìyàwó kan náà jáde.

Ìwé àdéhùn wà. Ṣùgbọ́n ilé nìkan ni wọ́n kọ sínú rẹ̀: iye tí wọ́n máa san, ìgbà tí wọ́n máa lò ó, pé wọn yóò tún ohun tí wọ́n bá bàjẹ́ ṣe. Kò sí gbólóhùn kan nípa aṣọ. Kò sí gbólóhùn kan nípa ohùn Bàbá àti ohun tí wọ́n lè fi ṣe. Èmi ni mò ń kọ ìwé ìpàdé ẹbí, àmọ́ wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, owó sì ti wọlé. A pín owó náà bí a ti í pín gbogbo nǹkan, ní ìdí-igi. Ìyàwó mẹ́rin ló bímọ fún bàbá ńlá wa, nítorí náà ọ̀nà mẹ́rin ni ohun gbogbo ń pín sí nílé wa, ìbáà jẹ́ ilẹ̀, ìbáà jẹ́ owó. Kò sẹ́ni tó ṣàròyé lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tí wọ́n ń ya eré lọ́wọ́ kò ní ìtàn púpọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo tọ̀sán tòru, àwọn ọmọ àdúgbò ń wọ́ wá, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bo kọnkéré àgbàlá kí ó lè dà bí ti àtijọ́, wọ́n sì kó o kúrò nígbà tí wọ́n parí. Ohun kan ṣoṣo ni mo dúpẹ́ pé mo ṣe nígbà náà. Nígbà tí Bàbá ń pìtàn fún wọn, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì fi fóònù tèmi náà gba ohùn wọn sílẹ̀. N kò ronú nǹkan kan, ó kàn wù mí kí n ní in lọ́wọ́ ni.

Nígbà tí apá kìíní máa jáde, a ta ìbòòji síwájú ilé. A yá ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára aṣọ funfun ńlá, àwọn obìnrin ilé dáná ìkọ́kọrẹ́, Bọ̀dá wa tó ń gbé Èkó sì wá pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Mọ́mì Ìlíṣàn rán aṣọ tuntun. Iwájú pátápátá la fi wọ́n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá.

Ká má parọ́, eré náà rẹwà. Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni ọ̀sà ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ìkùukùu ń gbá lórí omi, ọkọ̀ ń bọ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ wá sí Ẹ̀jìnrìn, ẹrù kún inú wọn, àwọn atukọ̀ ń kọrin. Orí mi wú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ Ẹ̀jìnrìn fún mi láti kékeré, n kò rí i lójú ọkàn tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan wà nínú eré náà tó ń ka owó ẹyọ lórí ẹní. Márùn-ún márùn-ún ló ń fi ìka fà á sọ́dọ̀, ojú rẹ̀ kò sí lára owó, ẹnu rẹ̀ ń bá oníbàárà jà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ka owó nígbà náà, márùn-ún márùn-ún. Ẹni tó kọ́ òṣèrébìnrin yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Àwọn nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó. Ìjòyè kan nínú eré náà fa àpò kékeré kan yọ lábẹ́ agbádá, ó jù ú sórí ẹní, ó ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá nìyẹn. Àwọn àgbà figbe ta. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tó jẹ́ 20,000 ẹyọ. Ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo jẹ́ ẹrù tí ọkùnrin yóò gbé rù tí ọrùn yóò máa ro ó. Bí o bá fẹ́ san ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, èèyàn mẹ́wàá ni yóò rù ú tẹ̀lé ọ lẹ́yìn, gbogbo àdúgbò ni yóò sì mọ̀ pé o ń sanwó. Ọ̀nà kan náà tí olówó gbà ń fi agbára rẹ̀ hàn nìyẹn, eré náà sì sọ àǹfààní yẹn nù.

Ibi tó dùn mí jù nínú irú èyí ni bí wọ́n ṣe fi ìlú hàn. Nínú eré náà, bàbá ìdílé yìí ń wọ ààfin bó ṣe wù ú, ó ń wo ojú Awùjalẹ̀, ó ń bá a jiyàn, àwọn méjèèjì sì ń dá ọ̀ràn ìlú rò. Ohun tí wọ́n sọ fún wa nílé ni pé ojú Awùjalẹ̀ ayé ìgbà náà kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn ń rí, ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ìlú sì ní Òṣùgbó, ó ní Ìlàmúrẹ́n tí í ṣe ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè ńlá, ó ní Pàmpá tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn aráàlú tí kò joyè, olówó kan kò lè dá Ìjẹ̀bú darí láti inú yàrá rẹ̀. Wọ́n tún gbé ogun Ìmàgbọn wá sí àárín ọjà Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tó jẹ́ pé Ẹ̀pẹ́ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gòkè wá, tí ìjà náà sì ṣẹlẹ̀ létí odò Yẹmọjí, ní May 19, 1892. Ọjọ́ kejì ni wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Mo mọ̀ pé eré ni, owó tí wọ́n ní lè má tó láti ya ogun létí odò. Ṣùgbọ́n odò yẹn ni àwọn èèyàn wa fi ara wọn dí, tí wọ́n ń kojú ìbọn arọ̀jò-ọta pẹ̀lú ṣakabùlà. Ó yẹ kí a rí odò náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo ti ń rò láti ọjọ́ náà. Gbogbo eré tó dá lórí ìdílé alágbára ló máa ń fi idà, májèlé àti ọ̀tẹ̀ hàn. Bí agbára bàbá ńlá wa ṣe rí gan-an yàtọ̀. Àwìn ni wọ́n fi lágbára. Wọ́n ń ta ọjà àwìn fún idajì ìlú, ẹni tó bá sì jẹ ọ́ lówó kò lè gbé ẹnu sókè níwájú rẹ. Wọ́n fi àwọn ọmọbìnrin wọn fọ́kọ káàkiri, láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú dé Rẹ́mọ, tó fi jẹ́ pé ibi gbogbo tí ẹrù wọn bá sùn, ilé àna ni. Wọ́n ní ìwọ̀fà lóko. Wọ́n sì ní ẹrú. Ọ̀rọ̀ méjì tó gbẹ̀yìn yìí ni a kì í sọ nílé wa, ibẹ̀ sì ni eré náà ti mú wa.

Nígbà tí apá kìíní ń parí lọ, wọ́n mú ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọ àgbàlá. Àgbàlá wa ni, òpó wa ni wọ́n so ó mọ́. Ogun òkè ni wọ́n ti kó o. Bàbá ìdílé náà wò ó, ó ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, ó sọ ọ́ di ìyàwó kẹta. Ó bímọ ọkùnrin. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìyáálé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́ sí ọmọ náà, ó ní ọmọ ẹrú kò ní ìpín nínú ilé yìí láéláé. Bàbá ìdílé náà gbọ́, ó sì dákẹ́. Kámẹ́rà wá gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ojú ìyáálé, ó kọjá lórí ilẹ̀kùn, a sì rí orúkọ ìdílé wa gàdàgbà níbẹ̀, àti ọdún rẹ̀. Lóòótọ́ wọ́n ti pààrọ̀ orúkọ bàbá ńlá wa nínú eré. Kò sẹ́ni tó rántí bo àkọlé ẹnu ọ̀nà.

Ìdí-igi kẹta ni tiwa. Ìyá àgbà bàbá mi ni ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn.

A mọ̀ ọ́n, àwa tó ti dàgbà. Ohun tí èèyàn ń mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó sọ ọ́ ni. Ìjókòó kan lè yí padà bí ẹnì kan bá wọlé, orin kan wà tí a kì í kọ níbi òkú ilé wa, o ó kàn ti mọ̀. Àwọn ọmọ wa kò mọ̀ rárá, torí a kò sọ fún wọn. Iwájú ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn, lára aṣọ funfun, ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Mọ́mì Ìlíṣàn dìde, wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n ní kí àbúrò mi gbé àwọn padà sí Ìlíṣàn lálẹ́ ọjọ́ náà. A bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n kò dúró. Bàbá kò lè gbójú sókè.

Tí mo bá ní ohun kan ṣoṣo tí mo lè gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn lé lórí, òun ni pé kí àwọn àgbà ilé kọ́kọ́ rí eré náà láàárín ara wọn, nínú yàrá, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ó ṣeé béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Bí a bá ti rí i ṣáájú, a ò bá ti lọ bá Mọ́mì Ìlíṣàn nílé, a ò bá ti pe àwọn ọmọ wa jókòó, a ò bá ti sọ ọ́ lẹ́nu ara wa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ ti wọ orí WhatsApp ẹbí. Ọmọ kan láti ìdí-igi kìíní kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló wá fún ìdí-igi kẹta ní ilẹ̀ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́? Ọmọdé ni, bóyá kò tilẹ̀ ní i lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ àbúrò mi fèsì pẹ̀lú ìbínú. Ẹlòmíràn gba á lẹ́nu rẹ̀. Kí oòrùn tó yọ tán, wọ́n ti ń ka ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ wo àti ẹni tó yẹ kó dá a padà. Ìbínú tó bá jáde lẹ́nu lágbàlá, àgbà lè pa á mọ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀n àti Amẹ́ríkà, a kò lè ká a mọ́. Bọ̀dá Èkó ti ojú ewé náà pa kí ẹnikẹ́ni má lè kọ nǹkan sí i mọ́, wọ́n ní ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kí ó gbé e wá sí ìpàdé. Ohun tó yẹ ká ti ṣe láàárọ̀ kùtù ni, ká tó sọ̀rọ̀ kankan.

Èyí tó wá dùn mí wọra ni ti ọmọ àbúrò mi obìnrin. Wọ́n ti wá tọrọ rẹ̀ láti Ṣàgámù, ìdána ti súnmọ́. Alárinà wọn pè mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi nílé lóko, ó wá béèrè ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ìdí-igi wo ni ìyàwó àwọn ti jáde. Ó mọ̀ ọ́n kí ó tó béèrè. Mo sọ fún un. Lẹ́yìn ìpè náà, mo jókòó sórí ibùsùn, n kò lè gbéra. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, mo ti ṣiṣẹ́, mo ti tọ́mọ, mo ti jẹ oyè nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ojú tì mí lọ́jọ́ náà fún ohun tí ẹnì kan fi ipá ṣe fún ọmọbìnrin kan kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ìtìjú yẹn kò tọ́ sí mi, kò sì tọ́ sí i. Ó gbà mí ní àkókò kí n tó lè sọ bẹ́ẹ̀.

Òru ọjọ́ kan ni mo rántí ohùn tó wà nínú fóònù mi. Mo ṣí i. Bàbá ti pìtàn ìyá wa náà fún wọn lódindi, wọ́n kò fi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n sọ pé ogun òkè ló gbé e wá. Wọ́n wá sọ èyí tó kù. Nígbà tí ìròyìn dé pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rékọjá odò, tí gbogbo ilé ń sá, òun ló kó àwọn ọmọ gbogbo ìdí-igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sóko, òun ló sì ri ìlẹ̀kẹ̀ àti owó ilé mọ́lẹ̀ kí ó tó kúrò. Lẹ́yìn ogun, ọ̀nà ṣí, ọ̀pọ̀ ẹrú ní Ìjẹ̀bú bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Bàbá ńlá wa sọ fún un pé ọ̀nà ilé rẹ̀ ti là. Ó ní ibi tí àwọn ọmọ òun bá wà ni ilé òun. Ọjà ti dàrú mọ́ bàbá ńlá wa lọ́wọ́ nígbà náà, torí ọ̀nà Ẹ̀jìnrìn kò jẹ́ ti àwọn nìkan mọ́. Ohun tí obìnrin yẹn rí tà lọ́jà Òkè-Ajé ni gbogbo ilé jẹ títí ara fi rọ̀ wọ́n. Bàbá tún fi kún un pé nínú àṣà, ẹrúbìnrin tó bá ti bímọ fún ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe ẹrú mọ́, ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ bíi ti àwọn yòókù. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi pín sí ọ̀nà mẹ́rin láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo èyí wà létí àwọn tó kọ eré náà. Òpó àti okùn ni wọ́n mú níbẹ̀.

A lọ rí lọ́yà kan nílùú. Ohun tí ó sọ fún wa kò dùn, ṣùgbọ́n ó wúlò. Ó ní òkú kì í pejọ́ pé wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò sì lè bá a pè é. Ó ní ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá wù lè fi ṣe eré. Ohun tí ó wà níkàáwọ́ ìdílé ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ohun èlò rẹ̀, àti ẹnu àgbà rẹ̀, ìgbà tí agbára yìí sì wà ni ìgbà tí wọn kò tíì wọlé. Ó ní kí a máa ní ìwé ọ̀tọ̀ fún ohùn àgbà: ohun tí wọ́n lè fi ṣe, ohun tí wọn kò gbọdọ̀ fi ṣe, kí ẹ̀dà ohùn náà sì wà lọ́wọ́ ìdílé. Wọn kì í fẹ́ fi gbogbo ìwé eré han èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ lè sọ ọ́ sínú àdéhùn pé ibi tí wọ́n bá fẹ́ yà nínú ilé yín, ẹ gbọ́dọ̀ kà á ṣáájú. Ohun tó bá máa fi ilé hàn, orúkọ, àkọlé, fọ́tò ara ògiri, sàréè inú àgbàlá, kí wọ́n bò ó. Aṣọ àti ohun èlò, kí ẹ yà wọ́n ní fọ́tò kí wọ́n tó gbé e lọ, kí ẹ sì kọ ọ̀nà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà lò ó. Ìtagbè Mọ́mì Ìlíṣàn, ìbàdí ẹ̀ṣọ́ ààfin kan la ti rí i nínú eré, ó fi dì í bí ìgbànú. Nígbà tí wọ́n dá a padà, wọ́n ti fọ̀ ọ́, aró rẹ̀ ti ṣí.

A kọ lẹ́tà sí wọn. Wọ́n fèsì pé àròsọ ni eré àwọn. Nígbà tí a fi ibi tí àkọlé ẹnu ọ̀nà wa ti hàn ránṣẹ́ sí wọn, ohùn wọn yí padà. Wọ́n ti pa àkọlé náà rẹ́ kúrò nínú àwọn apá tó kù, wọ́n sì ti kọ ọ́ síwájú eré pé kò dá lórí ìdílé kankan. Wọn kò tíì sọ nǹkan kan lórí ìtagbè.

Ìpàdé ẹbí tí a pè lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí àwọn tó bá wà nínú irú èyí fara balẹ̀ gbọ́. A ní kí gbogbo èèyàn wá pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, àti àwọn tí kò tíì tó ogún ọdún. Bọ̀dá Èkó kò kọ́kọ́ fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. Bàbá ní rárá, pé àwọn ọmọ ló gbọ́ èyí tí kò pé, àwọn ló yẹ kó gbọ́ èyí tó pé. Wọ́n bẹ̀ mí kí n gbé ohùn náà sí i. A jókòó gbọ́ ọ látòkè délẹ̀. Nígbà tí ó parí, Bàbá kọjú sí ọmọ tó kọ̀wé nípa ilẹ̀, wọn kò bá a jà. Wọ́n ní, "Ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Bàbá àgbà bàbá rẹ wà lára àwọn ọmọ tó kó lọ sóko." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún Mọ́mì Ìlíṣàn. Wọ́n gbé e dìde.

Mọ́mì Ìlíṣàn náà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní eré náà kọ́ ló dun àwọn jù. Ó dùn wọ́n pé gbogbo ọjọ́ ayé àwọn ni àwọn ti ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, nítorí àtilè bá àwọn ẹ̀gbọ́n jókòó pọ̀, tó wá jẹ́ pé àwọn àlejò ló já a. Wọ́n béèrè ohun kan péré, pé kí wọ́n kọ orúkọ ìyá náà sínú ìwé ẹbí níbi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ìyàwó mẹ́ta yòókù sí. Mo ṣí ìwé náà níwájú gbogbo èèyàn. Lóòótọ́, orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Níbi tirẹ̀, "ìyá" lásán ni wọ́n kọ, wọ́n wá to àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Èmi náà ti ń kọ nǹkan sínú ìwé yẹn láti ọdún gbọọrọ, ojú mi kò já a. A kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi wáyé. Bàbá ọkọ fúnra wọn wá láti Ṣàgámù ṣáájú ìdána, mo sì gbé ohùn Bàbá fún wọn gbọ́. Wọ́n ní nílé tiwọn náà, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà, pé kò sí ilé ńlá kan nílẹ̀ yìí tí kò ní in. Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Àwọn òṣèré náà ti ránṣẹ́ padà báyìí. Eré ń tà, wọ́n fẹ́ ṣe òmíràn tí yóò bẹ̀rẹ̀ níbi tí èyí parí sí, lẹ́yìn Ìmàgbọn, àgbàlá wa ni wọ́n sì tún fẹ́. Ẹnu àwọn ará ilé kò kò lórí rẹ̀. Bọ̀dá Èkó ní kí wọ́n má ṣe fẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà wa mọ́. Bàbá ní kí wọ́n wá, bí wọn yóò bá fi obìnrin náà hàn lóko pẹ̀lú àwọn ọmọ, àti ní Òkè-Ajé. Mọ́mì Ìlíṣàn ní kí wọ́n kọ́kọ́ san owó ìtagbè àwọn ná. Lọ́yà ti kọ àdéhùn tuntun, ó gùn ju ti ìṣáájú lọ dáadáa, gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí ló wà nínú rẹ̀, àti pé ìdí-igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò fọwọ́ sí i. A ti fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, wọn yóò rí wa bá ṣe. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, ilé pọ̀ ní Ìjẹ̀bú.